MPH kó tó kan ìṣègùn ní Amẹ́ríkà: ọ̀nà wo ló bá ọ mu, ibo ni wọ́n sì ti lè gbà ọ́?

Ìbéèrè méjì ni àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà máa ń rò pọ̀ bíi pé ẹyọ kan ni. Èkíní: ṣé wọ́n á gbà mí láti ṣe MPH, ìyẹn digírì kejì nínú ìlera àwùjọ? Èkejì: tí mo bá ṣe MPH tán, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn á gbà mí? Èkíní rọrùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ, èkejì sì le ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè ná ọdún méjì, pẹ̀lú owó tó tó kọ́ ilé sí Ìbàdàn, kó sì tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kàwé nílé, ọ̀rọ̀ yìí lè rú yín lójú. Nílé, ẹni tó bá yege nínú JAMB a máa ti girama bọ́ sínú ìṣègùn tààrà, MPH á wá di ohun tó máa lọ ṣe ní UI tàbí lókè òkun lẹ́yìn tó ti di dókítà. Olikoye Ransome-Kuti náà, dókítà ọmọdé ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di mínísítà ìlera ní 1985, tó wá gbájú mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ètò ìlera alábọ́ọ́dé. Ní Amẹ́ríkà, digírì àkọ́kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin ló ń ṣáájú ìṣègùn, torí náà àyè kan ṣí sílẹ̀ láàárín méjèèjì tí ọmọ lè ki MPH bọ̀. Ọmọ tó bá dárúkọ MPH, kì í ṣe pé ó ń sá fún ìṣègùn. Ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ kàn bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Ohun tí MPH kò lè tún ṣe

Lọ́dọọdún, àwọn tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn MD (digírì dókítà) ń lé ní 50,000, nǹkan bí 23,000 ló sì ń wọlé. GPA (àpapọ̀ máàkì yunifásítì, nínú 4.0) àwọn tó wọlé ń sún mọ́ 3.8 ní ìpíndọ́gba, MCAT wọn, ìyẹn ìdánwò àbáwọlé ìṣègùn, sì wà láàárín 511 sí 512, nínú 528. Òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n máa fi wo ọmọ, yálà ó ṣe MPH tàbí kò ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú ṣe àpẹẹrẹ.

Táyé ṣe kírẹ́díìtì 120 ní yunifásítì, GPA rẹ̀ jẹ́ 3.2. AMCAS, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ MD ń gba fọ́ọ̀mù nípasẹ̀ rẹ̀, máa ń ṣírò bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò lọ́tọ̀. Kírẹ́díìtì 50 ni Táyé ṣe níbẹ̀, GPA rẹ̀ sì jẹ́ 2.9. MCAT rẹ̀ dára, 512. Èrò rẹ̀ ni pé òun á lọ ṣe MPH, òun á gba A káàkiri, GPA á sì gbéra. Kò ní gbéra. AMCAS kì í da máàkì digírì kejì pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìlà tirẹ̀ ló máa ń wà. Bí Táyé bá gba 4.0 nínú gbogbo kírẹ́díìtì 42 ti MPH, 3.2 náà ló máa wà lórí ìlà yunifásítì rẹ̀, 2.9 náà ló sì máa wà lórí ti sáyẹ́ǹsì. Kódà biostatistics tó jẹ́ ìṣirò pọ́ńbélé, ìlà digírì kejì ló máa jókòó sí. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù náà sì mọ̀ pé A kì í wọ́n nínú MPH.

Ká wá ní Táyé ṣe post-bac, ìyẹn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì ti ipele digírì àkọ́kọ́, kírẹ́díìtì 30, tó sì gba 4.0. Ìṣirò rẹ̀ rèé: 120 lọ́nà 3.2 jẹ́ 384; 30 lọ́nà 4.0 jẹ́ 120. Àròpọ̀ wọn, 504, tí a pín sí 150, jẹ́ 3.36. Ní ti sáyẹ́ǹsì, 50 lọ́nà 2.9 jẹ́ 145. Tí a bá fi 120 kún un, ó di 265. Tí a bá pín in sí 80, ó di 3.31. Láti 2.9 bọ́ sí 3.31 kì í ṣe eré. Kò tíì dé 3.8, àmọ́ ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù á rí i pé irú kọ́ọ̀sì tó gbé ọmọ yìí ṣubú náà ló padà wá borí. MPH ò lè fún Táyé ní èyí.

Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ ní GPA 3.75, MCAT 513, ṣùgbọ́n láti láàbù dé ilé-ìkàwé ni gbogbo ayé rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó ti aláìsàn kan rí. Ó kọ fọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá, wọn ò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbì kankan. MPH lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wọ́n jù lọ nìyẹn láti fi rí ohun tó ń wá. Ọdún kan tó bá fi ṣe medical assistant, tàbí scribe, ẹni tó ń bá dókítà kọ gbogbo ohun tí aláìsàn sọ sílẹ̀, á ṣe é lóore ju ìyẹn lọ, wọ́n á sì tún sanwó fún un.

Ìdòwú lẹni tí MPH bá mu. GPA 3.55, MCAT 510. Ó ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìlera county kan ní Texas. Níbẹ̀ ló ti rí i pé àwọn awakọ̀ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń gba oògùn lóṣù àkọ́kọ́, wọn kì í sì í padà wá mọ́. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó àti ohun tó ń dá wọn dúró, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí iye rẹ̀ má bàa tan òun jẹ. Inú epidemiology, ẹ̀kọ́ nípa bí àìsàn ṣe ń pín káàkiri àwùjọ àti ohun tó ń fà á, ni irinṣẹ́ iṣẹ́ yẹn wà. Bí ìṣègùn bá pẹ́ kó tó dé, tàbí tí kò bá tiẹ̀ dé, Ìdòwú á ṣì fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Bí èmi ṣe máa ń dá a mọ̀ nìyẹn: ká ní ìṣègùn ò sí láyé, ṣé o ṣì máa ṣe MPH?

Ọ̀nà mẹ́rin

| Ọ̀nà | Àkókò | Ipa rẹ̀ lórí GPA digírì àkọ́kọ́ | Ibi tó ti lè dunni |
|---|---|---|---|
| Post-bac | ọdún 1 sí 2 | ó ń gbé e sókè | o lè má gba digírì kankan níbẹ̀ |
| SMP | ọdún 1 sí 2 | kò kàn án | bí o bá kùnà, ó ṣòro láti tún un ṣe |
| MPH | oṣù 11 sí ọdún 2 | kò kàn án | owó, àti àkókò tó ń forí gbárí |
| MD/MPH | ọdún 4 sí 5 | o ti wọlé ná | kò lè mú ẹni tó wà níta wọlé |

SMP ni digírì kejì tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó fẹ́ fi hàn pé òun lè gbé ẹrù ìṣègùn. Ti Georgetown ló lókìkí jù: kọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́ ìṣègùn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ń fi máàkì wọn wé ti àwọn ọmọ ìṣègùn fúnra wọn. Idà olójú méjì ni. Ẹni tó bá ṣe dáadáa ti fi ẹ̀rí gidi hàn, ẹni tó bá gba C níbẹ̀ náà sì ti fi ẹ̀rí hàn. Mi ò ní rán ẹni tí MCAT rẹ̀ ò tíì dára lọ síbẹ̀.

MD/MPH wà ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀. Ọdún márùn-ún ló sábà máa ń gbà, àmọ́ Tulane ní New Orleans àti Yunifásítì Miami ní èyí tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin parí. Bí ìwé rẹ bá ti lágbára tó láti wọ ìṣègùn nísinsìnyí, má kọ́kọ́ lọ ṣe MPH. Wọlé, kí o ṣe méjèèjì pọ̀.

Ibo ni wọ́n ti lè gbà ọ́?

Yunifásítì Johns Hopkins ni orúkọ tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń dá. Bloomberg School of Public Health ti wà ní Baltimore láti 1916, MPH wọn sì jẹ́ oṣù 11. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í kà dáadáa ni pé MPH yẹn ò wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn ti fi ó kéré tán ọdún méjì ṣiṣẹ́ ìlera ní kíkún lẹ́yìn digírì àkọ́kọ́, tàbí kó ti ní digírì ọ̀mọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹni tó máa jókòó tì ọ́ níbẹ̀ ti jẹ́ dókítà láti orílẹ̀-èdè wọn. Kò sí bí GPA 3.9 ṣe lè rọ́pò ọdún méjì yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ní MHS àti ScM, àwọn digírì kejì mìíràn nínú ìlera, tó ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ibẹ̀ ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò.

Rollins, ilé-ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ ti Yunifásítì Emory ní Atlanta, yàtọ̀. Ọdún méjì ni MPH wọn, wọ́n sì ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì. CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an lójú Clifton Road. Mailman ti Columbia ní New York àti ti Boston University náà ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí GPA rẹ̀ bá wà ní 3.5 sókè, tó ti ṣiṣẹ́ tàbí yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan, tó sì mọ ohun tó ń wá, ìgbàgbọ́ mi ni pé ọ̀kan ó kéré tán nínú irú àwọn wọ̀nyí á gbà á.

Ẹni tó wà láàárín 3.0 sí 3.4 kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n máa wò ni bó ṣe ṣe nínú ìṣirò àti statistics, iṣẹ́ tó ti ṣe, àti bóyá máàkì rẹ̀ ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í béèrè GRE, ìdánwò àbáwọlé digírì kejì, ní dandan mọ́, àwọn kan sì ń gba MCAT dípò rẹ̀. Bí GPA rẹ bá rẹlẹ̀ tí MCAT rẹ sì dára, fi ránṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Bí GPA bá wà nísàlẹ̀ 3.0, kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka náà kí o tó san owó fọ́ọ̀mù, kí o sì ti gba A nínú statistics kan ní community college kó tó di ìgbà yẹn.

Mo tún fẹ́ gbè sẹ́yìn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Ọmọ wa tó ń gbé ní Houston ní UTHealth nítòsí. Ti Prince George's County ní Maryland, College Park kò jìnnà sí i. Ti Atlanta ní Georgia State. Gbogbo wọn ní ìwé-ẹ̀rí CEPH, àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ, ọmọ ìpínlẹ̀ sì ń san owó tó kéré gan-an sí ti Columbia. Orúkọ ńlá lórí MPH kì í wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lójú tó bí àwọn òbí ṣe rò. Bí ibì kan ò bá ní ìwé-ẹ̀rí CEPH, mi ò ní lọ síbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀

SOPHAS ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ ń gba fọ́ọ̀mù nípasẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ka gbogbo transcript rẹ, títí kan kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí o ṣe ní community college nígbà ọlidé. Ẹni tó ti ṣe 100 level nílé kó tó bá àwọn òbí rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, kó sì jẹ́ kí WES, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè, yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ́ọ̀sì kọ́ọ̀sì. Gbogbo wa la mọ bí gbígba transcript láti ilé ṣe rí. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun mìíràn. AMCAS ní tirẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ka máàkì ilẹ̀ òkèèrè sínú GPA rárá, èyí lè jẹ́ ìtura fún ẹni tí 100 level rẹ̀ ò dán.

Lẹ́tà tí o máa fi ṣàlàyé ara rẹ ni ibi tí àwọn tó ń dúró de ìṣègùn ti máa ń ta ara wọn nù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pé, „Láti kékeré ni mo ti fẹ́ di dókítà." Ilé-ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ lẹni tó ń kà á wà! Ohun tó gbọ́ ni pé o fẹ́ fi ilé òun ṣe ibùdókọ̀. Má fi ìṣègùn pamọ́, torí irọ́ ò sunwọ̀n, àmọ́ jẹ́ kó wà ní ìsàlẹ̀. Ìdòwú lè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ báyìí: „Nínú ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo rí orúkọ tó hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé." Gbólóhùn yìí ti sọ ibi tó ti ṣiṣẹ́, ohun tó rí, àti ìbéèrè tó gbé wá. Kó wá dárúkọ kọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ìwádìí kan nílé-ẹ̀kọ́ náà tó bá ìbéèrè yẹn mu, ó parí.

Nínú àwọn tó máa kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún ọ, jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ ọ pẹ̀lú ọ̀ọ́dúnrún ọmọ nínú gbọ̀ngàn kan náà kò lè kọ ju máàkì rẹ lọ.

Àwọn kan ń béèrè bóyá jíjẹ́ aláwọ̀ dúdú ṣì ń ṣèrànwọ́. Láti oṣù kẹfà 2023 tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Harvard, ilé-ẹ̀kọ́ ò lè fi àwọ̀ ara ẹni ṣe òṣùwọ̀n mọ́. Ẹjọ́ náà fàyè gbà á kí o kọ bí ó ṣe kan ìgbésí ayé rẹ. Tí o bá ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún màmá àgbà láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kọ ọ́.

Àkókò tó ń forí gbárí

Ibí ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ kì í ṣètò. MPH ọlọ́dún méjì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Fọ́ọ̀mù AMCAS máa ń ṣí ní oṣù karùn-ún, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láàárín ìparí oṣù yẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ẹni tó bá kọ ọ́ láàárín ọdún kìíní àti ìkejì ní máàkì ọdún kan láti fi hàn. Ṣùgbọ́n àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ṣe practicum, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ níta kíláàsì, tí MPH sọ di dandan. Àsìkò náà ni àròkọ kejì láti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan á máa dà wọlé. Tí o bá tún gbé MCAT sínú ẹ̀ẹ̀rùn kan náà, ohun kan á bàjẹ́ níbẹ̀. Ṣe MCAT kí o tó bẹ̀rẹ̀ MPH, àmọ́ rántí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba èsì tó bá ti ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ.

MPH oṣù 11 ní ìṣòro tirẹ̀. Tí o bá fẹ́ tinú rẹ̀ bọ́ sínú ìṣègùn láìdúró, o ti gbọ́dọ̀ kọ AMCAS kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nígbà tí kò tíì sí máàkì kankan. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn máa ń fẹ́ kí o parí digírì tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ kí o tó wọlé.

Owó

Ọdún méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní ìlú ńlá, pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ, lè kọjá $100,000. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù keje 2025 ti mú kó le sí i: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yáwó láti 1 oṣù keje 2026 kò ní rí Grad PLUS, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá ẹni tó ń kàwé lẹ́yìn digírì àkọ́kọ́, yá mọ́. Fún digírì kejì, $20,500 ni ìjọba àpapọ̀ máa yá ọmọ lọ́dún, $100,000 lápapọ̀. Ti ìṣègùn jẹ́ $50,000 lọ́dún, $200,000 lápapọ̀. MPH ò sí nínú àkójọ àwọn iṣẹ́ tí iye ńlá yẹn wà fún. Ìyókù, bóyá lápò bàbá ni tàbí ní báńkì. Ọmọ tó wá pẹ̀lú físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìjọba yìí rárá, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó sì ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ní tirẹ̀, epidemiology tàbí biostatistics sàn ju MPH gbogbogbòò lọ, torí wọ́n wà lára ẹ̀kọ́ STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò) tó lè fi oṣù 24 kún oṣù 12 tí físà náà fàyè gbà fún iṣẹ́.

Ẹni tó bá ń sọ pé tí ìṣègùn ò bá ṣe é ṣe, òun á wá iṣẹ́ sí CDC, kó mọ̀ pé ní oṣù kẹta 2025 ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn máa dín òṣìṣẹ́ 10,000 kù, nǹkan bí 2,400 nínú wọn láti CDC. Wíwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Clifton Road kò níyì tó bó ṣe ní tẹ́lẹ̀.

Kí o tó san owó ìdúró sí ibikíbi, kọ ìméèlì sí wọn. Má béèrè ìpín nínú ọgọ́rùn-ún, iye orí ni kí o béèrè: ẹni mélòó nínú àwọn ọmọ yín ló kọ fọ́ọ̀mù ìṣègùn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mélòó ló wọlé, ṣé gbogbo wọn lẹ kà àbí àwọn tí ẹ kọ lẹ́tà fún nìkan? Ibi tó bá fi ìwé ìpolówó dá ọ lóhùn, fi sí ìsàlẹ̀ àkójọ rẹ.